Aṣọ òkè ni àbí àdìrẹ, àbí aṣọ gígé bíi ti Egúngún: èwo lẹ máa gbé kọ́ sẹ́yìn sítéèjì?

Eré àkọ́kọ́ tí mo fi àdìrẹ ṣe ẹ̀yìn sítéèjì fún, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé. Àdìrẹ gidi ni mo rà o, ẹlẹ́kọ, èyí tó mu aró yó tó dú bíi kóró iṣin, èmi àti télọ̀ rán an pọ̀ mọ́jú, a gbé e kọ́ lọ́sàn-án, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń yìn ín. Ó wá dalẹ́. Ìran òru la fi bẹ̀rẹ̀, ni ọ̀gbẹ́ni oníná bá tan iná búlúù sí i, ni gbogbo ọnà ara aṣọ bá pòórá, ẹyẹ ò sí, ẹja ò sí, ṣíbí ò sí, ó kàn dà bíi ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà búlúù kùn. Dáyírẹ́kítọ̀ dúró láàárín àga, ó wò ó títí, ó ní, "Bọ̀dá, àdìrẹ tẹ́ ẹ lẹ rà dà?"

Ẹjọ́ oníná kọ́, ẹjọ́ àdìrẹ kọ́, ẹjọ́ tèmi ni. Mo ra aṣọ bí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ òde. Látìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti bi mí pé èwo ló dáa jù nínú aṣọ ìbílẹ̀ wa fún sítéèjì, mo máa kọ́kọ́ bi wọ́n pé irú iná wo lẹ ní, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá jìnnà tó ibo, ṣé aṣọ yẹn máa dúró sójú kan ni àbí ó máa mì. Torí aṣọ tó jẹ́ ọba lára èèyàn lè di ẹrú lórí sítéèjì, àwọn akísà kan sì wà tó jẹ́ pé tí iná bá ti kàn wọ́n báyìí, ẹ máa rò pé ààfin la wà. Ẹ jẹ́ n gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ lè mọ ibi tẹ́ ẹ máa náwó sí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ gùn díẹ̀ o, ẹ ní sùúrù.

Aṣọ òkè

Ká gbàgbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ná, ká wò ó bí ohun èlò. Òfì tí wọ́n fi ń hun ún ní Ìsẹ́yìn, ní Ọ̀yọ́, ní Ìlọrin, tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ ń jáde lórí ẹ̀, nǹkan bí íńṣì mẹ́rin ní fífẹ̀, ó wá gùn lọ rẹrẹẹrẹ. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń hun ún á ti rí bí wọ́n ṣe na òwú síta gbọọrọ, tí wọ́n gbé òkúta lé ìdí ẹ̀ lọ́hùn-ún kó lè le, tí òkúta yẹn sì ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ bí ahunṣọ ṣe ń hun ún, àfi bíi pé ó ń bọ̀ wá kí i. Mo lè jókòó wo ìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́.

Àmọ́ ẹ wá ṣírò. Ká ní sítéèjì yín fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 30, tí aṣọ ẹ̀yìn sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 15. Íńṣì 360 nìyẹn, ẹ pín in sí mẹ́rin-mẹ́rin, abala 90 lẹ nílò, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gùn ní yáàdì márùn-ún, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ yáàdì 450, kí wọ́n tó wá rán an pọ̀ o. Ọwọ́ èèyàn ló máa hun gbogbo ìyẹn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa gbé e wá, ẹ yáa bi í pé èèyàn mélòó ló máa jókòó sí i.

Owó yẹn ò wá burú tó bá jẹ́ pé sítéèjì mọyì ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló bá iná rẹ́. Sányán tí wọ́n ń pè ní baba aṣọ, tí wọ́n fi òwú kòkòrò inú igbó hun, àwọ̀ ẹ̀ dà bíi èèpo ẹ̀pà, òun ni mo fẹ́ràn jù lọ láyé mi. Àwọ̀ tẹ́ ẹ bá tàn sí i ló máa gbà, iná aláwọ̀ ọsàn sọ ọ́ di ìrọ̀lẹ́, iná búlúù sọ ọ́ di ìdájí, ara ẹ̀ rí gbágungbàgun díẹ̀ torí náà kì í tàn yòò sí èèyàn lójú. Ìṣòro ibẹ̀ kan ṣoṣo ni pé sányán gidi ti ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n bí ojú. Òwú lásán tí wọ́n pa láró sí àwọ̀ sányán tó fún sítéèjì, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ láti orí àga, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dá yín lẹ́bi.

Àlàárì, èyí tó pupa yẹn, tí òwú sílíìkì ẹ̀ láyé àtijọ́ máa ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé ọwọ́ wa, ìyẹn ní ìgbéraga tiẹ̀. Iná funfun tàbí iná tó pupa díẹ̀, ó máa jó bí ẹ̀yinná. Ẹ tan iná aláwọ̀ ewé sí i, ó di ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Mo ti mọ̀ọ́mọ̀ lo ìyẹn rí fún ìran tí ọba máa ń kú, tí àwọ̀ àlàárì ń kú bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ bí oníná ṣe ń yí i, àwọn èèyàn dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹtù wá ni ìjákulẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa bínú. Ẹtù tí ìlà ẹ̀ rí tín-ín-rín bíi ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù, tó jẹ́ pé lára àgbàlagbà kò sí aṣọ tó níyì tó o, lórí sítéèjì láti ọ̀wọ́ àga kẹfà, gbogbo ìlà yẹn ti wọlé síra wọn, dúdú lásán lẹ máa rí. Ẹ fi wọ òṣèré tó máa súnmọ́ iwájú, ẹ má fi ṣe ẹ̀yìn. Aṣọ òkè oníṣáínì tó wà lóde báyìí ńkọ́? Tó bá ṣe díẹ̀díẹ̀ láàárín òwú, ó dáa. Tó bá jẹ́ òun ni gbogbo ẹ̀, iná á máa ta padà sójú àwọn tó wá wòran, ẹ óò wá rí ẹni tó fi pámfílẹ́ẹ̀tì bojú.

Ohun kejì ni ìwúwo. Mo gbé aṣọ òkè kọ́ sórí páìpù omi lásán lọ́jọ́ kan, torí pé òun ló wà nílẹ̀, kó tó di ìran kẹta páìpù ti tẹ̀ kọdọrọ, aṣọ ti ń wọ́lẹ̀ láàárín, ni ọmọọba ń fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ. Irin gidi ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì de é sókè níbi mẹ́rin ó kéré tán. Àmọ́ ìwúwo yẹn náà ló ń jẹ́ kó dúró ṣinṣin tí fáànù tàbí atẹ́gùn bá ń fẹ́, kò ní máa jó nígbà tí kò sẹ́ni tó lù ú nílù.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí. Àwọn àgbà máa ń ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, òfì (aṣọ òkè nìyẹn) laṣọ àgbà. Kíjìpá yẹn, èyí tí àwọn ìyá máa ń hun lórí òfì ìnàró, tó fẹ̀, tó ki, tó le bíi àpò, òun gan-an ni aṣọ sítéèjì jù nínú gbogbo aṣọ híhun wa! Ó fẹ̀ ju aṣọ òkè tí àwọn ọkùnrin ń hun lọ fíìfíì, ẹ ò ní rán abala 90, ó ń gbé iná mì, kò ní dídán kankan, tẹ́ ẹ bá sì kun ọ̀dà lé e ó máa gbà á. Tẹ́ ẹ bá rí ìyá tó ṣì ń hun ún ládùúgbò yín, ẹ má jẹ́ kó lọ o.

Àdìrẹ

Mo lọ bá ìyá kan níbi ìkòkò aró ẹ̀ l'Ábẹ́òkúta lẹ́yìn ìtìjú ọjọ́ yẹn, mo fẹ́ mọ ohun tí mo ń rà. Wọ́n ki ọwọ́ bọ ìkòkò, wọ́n fa aṣọ jáde, mo ní háà, àwọ̀ ewé ló ní! Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má fọwọ́ kàn án, jẹ́ kó mí ná." Wọ́n nà án sórí okùn, ó ń di búlúù lójú mi kòrókòró, láti etí wá sáàárín. Wọ́n tún rì í bọ ìkòkò padà, ó tún mí, ìgbà tó mu ún tó ni wọ́n sọ pé ó ti yó. Ewé èlú ni wọ́n gún tí wọ́n fi omi eérú rò, òórùn ẹ̀ ò ṣe é gbàgbé, ẹ fi sọ́kàn o, torí tí iná sítéèjì bá ti mú aṣọ gbóná, òórùn yẹn máa ń jí. Èmi fẹ́ràn ẹ̀. Òṣèré mi kan ní ó ń fún òun ní èébì.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé oríṣi àdìrẹ tẹ́ ẹ bá rà ló máa sọ bí iná ṣe máa kọjá lára ẹ̀. Ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ pákí ni wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà sójú aṣọ, tàbí kí wọ́n fi í gba inú páànù tí wọ́n ti gé ọnà sí. Ojú kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ yẹn wà, aró máa ń gba ẹ̀yìn wọlé díẹ̀, torí náà ọnà ẹ̀ kì í funfun báláú, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Oníkò, okùn ìko (ráfíà) ni wọ́n fi dì í, alábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi rán an kí wọ́n tó rẹ ẹ́, ibi tí wọ́n bá dì pa yẹn, aró ò débẹ̀ níwájú, kò débẹ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ tan iná láti ẹ̀yìn aṣọ, oníkò ni kẹ́ ẹ rà. Oṣù bàǹbà, tí wọ́n máa ń dì róbótó-róbótó yẹn, ẹ gbé iná kan ṣoṣo sẹ́yìn ẹ̀ nínú òkùnkùn, òṣùpá gidi ló máa yọ sí yín. Kò sí ohun tí mo tíì fi owó rà ní iye yẹn tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún mi.

Iná iwájú wá ńkọ́? Iná búlúù, ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣe mí. Iná aláwọ̀ ọsàn máa sọ búlúù di dúdú, ọnà á wá yọ bíi wúrà, ó dáa gan-an fún ìran alẹ́ tí wọ́n tan àtùpà, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé búlúù yín ti lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí aró jọ aró, iná funfun ni, kó wá láti ẹ̀gbẹ́, kó má ṣe ko ó lójú tààrà, pàápàá àdìrẹ tí wọ́n ti fi igi lù tó ń kọ mànà, torí iná tààrà á máa tàn lórí ẹ̀ bíi bàtà aláwọ tuntun.

Ti owó ńkọ́, ẹ tún jẹ́ ká ṣírò. Sítéèjì kan náà, ẹsẹ̀ bàtà 30 sí 15. Aṣọ òwú tí wọ́n fi ń ṣe àdìrẹ sábà máa ń fẹ̀ tó íńṣì 45, abala mẹ́jọ péré, yáàdì márùn-ún márùn-ún, yáàdì 40 nìyẹn. Ẹ ra abala mẹ́sàn-án torí ojú rírán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ṣẹ́ po bíi kọ́tìnì, ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì, síbẹ̀ kò tíì dé ìdajì ìdajì yáàdì aṣọ òkè. Ó fúyẹ́, èèyàn méjì lè gbé e kọ́, ẹ lè ká a sínú báàgì kan kẹ́ ẹ gbé e wọ ọkọ̀ akérò.

Àléébù ẹ̀ ni pé aró ń ràn. Ìyàwó inú eré wa wọ funfun, ó fẹ̀yìn ti aṣọ nígbà tó ń sunkún, ìgbà tó yí padà, ẹ̀yìn ẹ̀ ti di ti èlú. Àwọn òǹwòran rò pé ó wà nínú ìtàn. Ẹ fi omi ṣàn án títí omi á fi mọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e kọ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn òṣèré pé kí wọ́n má fara ti ògiri ẹni ẹlẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ títóbi ọnà náà wà níbẹ̀. Ìbàdàndùn, tí wọ́n ya òpó Mápó sí pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn (gbọ̀ngán Mápó n'Íbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1929 yẹn), ó dùn-ún wò lára ìró, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e kọ́ sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òpó ni. Ohun tí mò ń fi wọ̀n ọ́n rèé: ọnà tó bá kéré ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ọ̀wọ́ kẹwàá ò ní rí i. Ẹ lọ bá aláró kẹ́ ẹ ní kó fi ìgbálẹ̀ tàbí bọ́rọ́ọ̀ṣì ńlá ya ẹ̀kọ, dípò ìyẹ́ adìẹ, kí òpó Mápó kan ga tó èèyàn. Wọ́n máa kọ́kọ́ wò yín bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, lẹ́yìn náà wọ́n á gbádùn ẹ̀. L'Óṣogbo ìlú aró, àwọn ayàwòrán bíi Susanne Wenger ará Austria ti ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ ràgàjì tó kún fún ìtàn òrìṣà tipẹ́, Nike Davies-Okundaye náà ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ yẹn níbẹ̀, torí náà kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé kò ṣe é ṣe.

Kampala, àdìrẹ aláwọ̀ pọ̀ tí wọ́n fi àbẹ́là àti kẹ́míkà ṣe, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ó rọjú, ó dán, eré ọmọ ilé ìwé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ló wà fún. Ẹ má mú ju àwọ̀ méjì lọ, tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ òṣèré yín máa sọnù sínú ẹ̀.

Aṣọ gígé bíi ti Egúngún

Àwọn méjì tá a ti sọ yẹn, ògiri ni wọ́n. Èyí kì í ṣe ògiri. Tí eégún bá ń yí, tí gbogbo abala aṣọ ara ẹ̀ ṣí jáde bí agbòjò, ẹ máa rí pupa, àwọ̀ ewé, àrán, dàmáàsìkì, àńkárá, tí wọ́n rán etí ẹ̀ ní ṣóńṣó-ṣóńṣó bíi eyín ayùn, atẹ́gùn ẹ̀ sì máa ń fẹ́ bá yín lójú, wọ́n ní ire ló wà nínú atẹ́gùn yẹn. Àwọn ẹbí máa ń fi aṣọ tuntun kún ti àtẹ̀yìnwá ni, kò sẹ́ni tó ń bọ́ ti àtijọ́ dànù. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tó wà fún wa: aṣọ lé aṣọ, kí abẹ́ máa yọjú nígbà tó bá mì nìkan.

Kò sì yẹ kó ṣàjèjì sí wa, torí inú agọ̀ eégún ni eré orí ìtàgé wa ti jáde. Àwọn Alárìnjò, òṣèré tó ń ti ìlú dé ìlú, ò ní sítéèjì, wọn ò ní bákídrọ́ọ̀pù, aṣọ ara wọn ló ń di gbogbo ẹ̀, ó di ọ̀nì, ó di òjòlá. Hugh Clapperton, òyìnbó tó rìn dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, rí irú eré yẹn ní ààfin, ó rí òjòlá ńlá tí wọ́n ṣe tó ń wọ́ nílẹ̀, ó tún rí ẹnì kan tó jáde nínú àpò ní funfun báláú, òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe! Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí pé ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló jókòó síbẹ̀ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é: mo máa ń gé aṣọ ní íńṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ ní fífẹ̀, ojú méjì ni mo máa rán pọ̀, àwọ̀ kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn, mo rán etí pupa sí i, mo so wọ́n rọ̀ láti òkè láì rán wọn pọ̀ mọ́ra wọn. Òṣèré lè gba àárín ẹ̀ wọlé, ó lè gba ibẹ̀ jáde, ẹnu ọ̀nà ò lópin. Tẹ́ ẹ bá wá so ó mọ́ férémù tó ń yí, ìlù kan tó bá dún báyìí, ẹ yí i, ògiri pupa ti di ògiri aró. Ibi táwọn Yorùbá gbé e dé ní Brazil, ní erékùṣù Itaparica ní Bahia, wọ́n tún rán díńgí àti owó ẹyọ mọ́ ti wọn, díńgí yẹn nínú iná sítéèjì, ẹ̀mí mi! Díńgí mẹ́wàá ti tó o, ẹ má sọ gbogbo ẹ̀ di disíkò.

Owó ẹ̀ ló kéré jù nínú gbogbo wọn torí ajẹkù télọ̀ lẹ máa lò, mo máa ń gbé àpò lọ bá àwọn télọ̀ ládùúgbò, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní gba kọ́bọ̀. Àmọ́ àkókò! Rírán etí yẹn nìkan, èèyàn mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ méjì. Ó sì ń dá ariwo ara ẹ̀, tí òṣèré bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, fááfáá aṣọ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.

Ohun tí mi ò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni pé ti Egúngún, ti ẹbí àti ti awo ni. A ń wo bí wọ́n ṣe rán an, a ò lọ yá agọ̀ gidi, a ò sì ṣe àdàkọ eégún kan tí gbogbo ìlú mọ̀ lójú. N'Íbàdàn níbí, ẹ dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú eégún Olóòlù kẹ́ ẹ rí i. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ irú ẹ̀, mo máa ń lọ bá bàbá kan nínú ilé eléégún, mo dọ̀bálẹ̀, mo fi àwòrán tí mo yà hàn wọ́n. Lẹ́ẹ̀kan wọ́n na ìka sí ojú kan, wọ́n ní, "Yọ èyí." Mi ò bèèrè ìdí, mo yọ ọ́.

Àwọn tó kù

Aṣọ Abomey ní orílẹ̀-èdè Benin, ti àwọn Fọ̀n, tí wọ́n gé aṣọ ní àwòrán tí wọ́n sì rán an lé aṣọ dúdú: àmì àwọn ọba wọn ni, kìnnìún ti Glèlè, ẹfọ̀n ti Gezo, ọkọ̀ ojú omi ti Agaja, ẹja ṣáàkì ti Béhanzin. Fún kí àwòrán hàn láti ọ̀ọ́kán, kò sí èyí tó bá a dọ́gba níbí, torí àwòrán kan, àwọ̀ kan ni. Ẹ kọ́ ọgbọ́n ẹ̀, ẹ fi ya ìtàn tiyín. Àmọ́ ẹ má kàn da àmì ọba wọn kọ́ torí pé ó wuyì, mo ti rí eré ìtàn Ẹ̀gbá tí wọ́n gbé ẹfọ̀n Gezo kọ́ sẹ́yìn ẹ̀, Gezo tó kógun ja Abẹ́òkúta ní 1851, tí Glèlè ọmọ ẹ̀ tún padà wá ní 1864! Àwọn bàbá tó jókòó níwájú ò mọ̀ bóyá kí wọ́n pàtẹ́wọ́ ni àbí kí wọ́n dìde.

Flex tí wọ́n tẹ àwòrán àdìrẹ sí: rárá. Ó ń dán, ó ń ṣẹ́ ìlà níbi tí wọ́n ti ká a, kì í mì, iná tó bá kàn án ló ń ta padà. Ó tiẹ̀ máa ń pariwo bíi ọ̀rá tí atẹ́gùn bá fẹ́. Ògiri LED tó ń gbé àwòrán jáde, mo gbà pé ó ń yára, àwòrán mẹ́wàá nínú ìṣẹ́jú kan, àwọn tó ń ṣe eré ńlá l'Ékòó sì ti mọ̀ ọ́n lò, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ máa ń bo ojú òṣèré mọ́lẹ̀, aṣọ òkè orí LED sì dà bíi fọ́tò oúnjẹ. Tí jẹnẹrétọ̀ bá wá kú, ẹ̀yin àti ògiri dúdú ló kù. Aṣọ, ẹ kàn gbé àtùpà wá.

Tí kò bá wá sówó rárá, ẹ wo àwọn ará Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ti Kétu, ti Ìmẹ̀kọ, tí UNESCO dárúkọ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Gèlè àti ọ̀já àwọn ìyá àdúgbò ni wọ́n ń yá wé ara àwọn tó ń jó. Mo jí ọgbọ́n yẹn lò lọ́dún kan: a bẹ ìdílé kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n yá wa ìró kan, a kọ orúkọ sí tápù lẹ́yìn ẹ̀, a so gbogbo ẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú pínnì láì gé e. Lálẹ́ ọjọ́ eré, kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ò gbọ́ ohun míì ju "Wo ti Màámi, wo ti Màámi lápá ọ̀tún!"

Tó bá jẹ́ èmi lẹ bi

Gbọ̀ngán kékeré tí òǹwòran súnmọ́ yín, iná mẹ́rin péré: àdìrẹ oníkò pẹ̀lú iná lẹ́yìn, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Eré ààfin, tí ọba máa jókòó sójú kan kó máa sọ̀rọ̀: aṣọ òkè aláwọ̀ sányán, àmọ́ ẹ má fi bo gbogbo ẹ̀yìn, ẹ fi abala mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe òpó lẹ́yìn àga ọba, kẹ́ ẹ fi kíjìpá tàbí aṣọ òwú tí wọ́n kùn bo ìyókù. Eré oníjó, tàbí ìta gbangba: aṣọ gígé. Ìta gbangba nínú òjò ńkọ́? Ẹ gbàgbé aṣọ òkè, tó bá mu omi, ọkùnrin mẹ́fà ló máa sọ̀ ọ́. Ibi ràgàjì bíi Tíátà Àpapọ̀ n'Íganmu l'Ékòó, tí wọ́n ṣí ní 1976, tí wọ́n sì wá fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024, tí gbọ̀ngán ńlá ẹ̀ gba èèyàn 5,000 nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, ibẹ̀ o, kò sí aṣọ kan tẹ́ ẹ máa rà lọ́jà tí ọnà ẹ̀ tó, ọgbọ́n Abomey ni, àwòrán gàgàrà, ẹ lè wá fi àdìrẹ gé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston, wọ́n máa bi yín nípa iná jíjó kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ gbé ohunkóhun kọ́, ó sì yẹ kí àwa náà máa bi ara wa, torí òwú ń gbaná kíákíá, ti pólísítà ló tún burú, ó máa ń yọ́ kán sára èèyàn. Omi boráàsì àti boric ásíìdì tí wọ́n ń fín sára aṣọ máa ń dín in kù, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti fọ aṣọ yẹn, ó ti lọ, ẹ máa tún un fín ni. Ẹ kọ́kọ́ fín in sí ègé kan o, aró lè ṣàn. Àtùpà tó ní iná gidi, ẹ gbé e jìnnà.

Tẹ́ ẹ bá dé Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta, tàbí ibikíbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà á, ẹ má wò ó nínú oòrùn. Ẹ ní kí wọ́n na aṣọ, ẹ lọ sẹ́yìn ẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, kí ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ lọ dúró ní ogún ìṣísẹ̀ kó sọ ohun tó rí. Ẹ ra ègé kan gbé lọ sílé, ẹ fi omi rẹ ẹ́ pẹ̀lú àkísà funfun. Lẹ́yìn eré, ẹ má ṣẹ́ ẹ ní méjì-méjì, ẹ ká a mọ́ páìpù PVC, kẹ́ ẹ sọ káńfọ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì gbé e sókè, torí èkúté ilé mi ti jẹ àlàárì abala mẹ́rin rí, ó fi kampala sílẹ̀.